Mítà kẹ̀kẹ́ mi ti kú: ṣé fóònù lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀?

ỌmọÒkèÀdó (Ìbàdàn)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Kí n tètè là á: kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ, kì í ṣe Márúwá. Mítà kékeré tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ mi kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi òjò ló wọ inú rẹ̀. Mo wo iye tí wọ́n ń ta èyí tó ní GPS, mo bá rọra pa fóònù dé. Owó ọ̀hún ju èyí tí mo fi ra kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Android ni mò ń lò, bátìrì 5000 mAh, kò tíì pé ọdún méjì. Láàárọ̀ Sátidé mo máa ń ti Òkè-Àdó gba Mọ́kọ́lá àti Sángo lọ sí Mọ́níyà, mo sì fẹ́ dé Ọ̀yọ́ kí ọdún yìí tó parí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò pọ̀: iye kìlómítà, bí eré ṣe pọ̀ tó, àti bí òkè tí mo gùn ṣe ga tó. Ṣé kí n kàn ra holder, kí n gbé fóònù sọ́wọ́ kẹ̀kẹ́? Dátà náà tún ń bà mí lẹ́rù.

TáyàFó (Ọ̀tà)

Ra holder, kí o máa lọ. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń lò ó, fóònù mi ò tíì já bọ́.

ẸnuṢáájà (Ìkẹjà)

TáyàFó, "kò tíì" lo wí, mo gbọ́ ọ. Fóònù ni mò ń tún ṣe jẹun, torí náà bí ẹ bá fẹ́ kí n yó, ẹ máa so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ o.

ỌmọÒkèÀdó, gbọ́ kó o tó náwó. Oòrùn ló ń kọ́kọ́ bá fóònù jà níbẹ̀. Apple sọ ọ́ fún àwọn tó ń lo iPhone pé kí ibi tí wọ́n ti ń lò ó má gbóná ju 35 lọ ní ìwọ̀n Celsius. Ọ̀sán gangan nínú oṣù Kejì, ta ló máa rí 35 nílẹ̀ wa tó máa yà á lẹ́nu? Fóònù tó bá gbóná jù á sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì láti gba ara rẹ̀ là, o ò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀ mọ́. Ìwọ náà á wá gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sókè pátápátá kí o lè ríran. Ìmọ́lẹ̀ yẹn á tún dá kún ooru, á sì máa mu bátìrì bí ẹni mu omi.

Ẹ tún wo kámẹ́rà. Nínú àwọn fóònù kan, gíláàsì kámẹ́rà kò dúró gbagidi. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti bá ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣe déédéé, kí fọ́tò má baà ṣú. Ní 2021, Apple fúnra wọn kìlọ̀ pé bí iPhone bá ń gbọ̀n lára ọ̀kadà tó ní ẹ́ńjìnnì alágbára, ó lè ba nǹkan yìí jẹ́. Kẹ̀kẹ́ tiwa ò ní ẹ́ńjìnnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà wa ò ní sọ pé ìyẹn ò kan òun.

Èyí tó ń dé orí tábìlì mi jù ni ẹnu ṣáájà. Wọ́n á ki wáyà power bank bọ̀ ọ́, wọ́n á máa gùn ún lọ, wáyà á máa mì, irin inú rẹ̀ á yẹ̀. Òógùn náà ń ṣe tiẹ̀. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ wá láìpẹ́, ó ní kò gba iná mọ́, òun ò sì fi kan omi rí. Mo tú u, mo fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo ahọ́n tíńtín tó wà láàárín ẹnu ṣáájà, bí ara búrẹ́dì tó ti bu. Mo ní níbo lo máa ń fi í sí tó o bá ń gun kẹ̀kẹ́? Ó ní àpò ẹ̀yìn, níbi tó ti kan ara. Mo ní ìwọ náà lomi yẹn. Iyọ̀ wà nínú òógùn, irin ò sì fẹ́ràn iyọ̀.

Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ ni kí ẹ wá, ẹ fi fóònù sínú rẹ̀ kó tó wọ àpò. Bí omi bá sì wọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ìrẹsì bò ó. Èéfun ìrẹsì ni mo tún máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ́n kúrò lẹ́yìn ìyẹn.

TáyàFó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bà mí lọ́kàn jẹ́ láàárọ̀ yìí.

Ayọ̀Ńgùn (London)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n ẸnuṢáájà. Bí mo ṣe ń ṣe é níbí nìyí, ó sì ti pẹ́: mo tẹ áàpù kó bẹ̀rẹ̀, mo pa ojú fóònù, mo sọ ọ́ sápò, ó parí. Kò sí ohun tí ń jẹ bátìrì nínú fóònù tó ojú rẹ̀. Pa ojú yẹn, wàá rí i pé GPS nìkan kì í jẹ púpọ̀. Wákàtí mẹ́ta ni mo lò ní Richmond Park lọ́jọ́ Àìkú, mo ń yí i po (ìyípo kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 11), bátìrì mi tó jẹ́ 100 nígbà tí mo jáde ṣì ku 84 nígbà tí mo délé. Fóònù mi kì í sì í ṣe tuntun.

Ní ti dátà, fọkàn balẹ̀. GPS kì í jẹ dátà. Àwọn sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè orí wa ló ń sọ̀rọ̀, fóònù kàn ń gbọ́ ni, bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ rédíò. Iṣẹ́ tí dátà ń ṣe ni pé ó ń bá fóònù tètè mọ ibi tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà. Bí kò bá sí dátà, fóònù á gbọ́ ọ lẹ́nu sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀, ìyẹn á gbà tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bó bá ti pẹ́ gan-an tí kò ti lò ó, ó lè tó ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán. Torí náà bọ́ síta gbangba, kúrò lábẹ́ páànù, ṣí áàpù, kó o tó máa wá akoto àti ìgò omi kiri. Kó o tó múra tán, òun náà á ti mọ ibi tó wà.

Áàpù wo? Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ kọ ìrìn rẹ sílẹ̀ fún ara rẹ nìkan, lo OpenTracks. Orí Android ló wà, ọ̀fẹ́ ni, kò tilẹ̀ gba àyè láti wọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Fún máàpù tí kò nílò dátà lójú ọ̀nà, Organic Maps dára: wa máàpù tó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nínú sórí fóònù láti ilé. Strava ni gbogbo ayé mọ̀, láti 2009. Kíkọ ìrìn sílẹ̀ lórí rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n láti 2020 ni yíya ọ̀nà sílẹ̀ ṣáájú ìrìn ti di ti ẹni tó ń sanwó. Tó o bá lo Strava, wọ inú ètò rẹ̀, kí o fi ibi tí o ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí o ti ń parí pa mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ńṣe lò ń ya ọ̀nà ilé rẹ fún olè. Máàpù wọn yìí náà ló tú àṣírí bárékè ológun síta ní 2018, torí àwọn sójà ń sáré yí inú rẹ̀ po pẹ̀lú áàpù lára.

ỌmọÒkèÀdó

Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá wà lápò, báwo ni màá ṣe rí iye eré tí mò ń sá? Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn lára mítà.

BàbáOlúmọ (Abẹ́òkúta)

Ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ta ló sọ fún ọ pé mítà tó ní GPS ló kù láyé? Padà lọ ra mítà oníwáyà, irú èyí tó kú yẹn. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Òòfà kékeré lára sípóòkù, sẹ́ńsọ̀ lára fọ́ọ̀kì, wáyà kan gòkè wá sọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí òòfà bá kọjá, ó ka ẹyọ kan. Bátìrì rẹ̀ rí roboto bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, ó ń lò ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ mi. Oòrùn kì í ṣe é ní nǹkan kan, ìwọ náà á sì máa rí i kà. Fi náílọ́ọ̀nù bò ó tí òjò bá ń bọ̀, tìrẹ ìbá má kú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yín ṣe gùn tó yípo. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá, 700x25 jẹ́ 2105 mílímítà, 26x2.0 jẹ́ 2055. Èmi kì í gba ti ìwé. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo fẹ́ táyà dáadáa, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i níbi tó ti kan ilẹ̀, mo sàmì sí ilẹ̀ náà. Mo jókòó lé kẹ̀kẹ́ (o gbọ́dọ̀ jókòó lé e, táyà a máa tẹ̀ lábẹ́ ènìyàn), ọmọ mi á dì í mú, a ó rọra tì í síwájú títí àmì yẹn á fi tún kan ilẹ̀. A sàmì síbẹ̀ pẹ̀lú. Mo wá fi tépù télọ̀ ìyàwó mi wọn àárín àmì méjèèjì. Bí o bá fi 20 mílímítà ṣì í, ìrìn 50 kìlómítà á fi bí ìdajì kìlómítà pa irọ́ fún ọ.

Mítà oníwáyà fún ojú, fóònù lápò fún ìwé ìrántí. Èyí tí o bá fẹ́ mọ̀ lójú ọ̀nà, mítà á sọ fún ọ. Èyí tí o bá fẹ́ fi ṣe fọ́ńté lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù á sọ nígbà tó o bá délé.

Ayọ̀Ńgùn

Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Òótọ́ lẹ sọ o. Níbi tí ọ̀nà bá ti kọ́rọ́, mítà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ máa ń péye ju GPS lọ, torí fóònù kàn ń to ẹyọ ẹyọ àmì ni, ó ń fi ìlà títọ́ so wọ́n pọ̀, á sì gé kọ́nà. Tó o bá dúró lábẹ́ bíríìjì tàbí láàárín ilé gíga, ìlà rẹ̀ á máa rìn gbéregbère bíi kòkòrò nígbà tí ìwọ dúró síbì kan.

ÌyáÌbejì (Ìlọrin)

Ní ti òkè gígùn, má gbà á gbọ́ pátápátá. Inú fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í sí ohun tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó, GPS lásán ló fi ń sọ bí òkè ṣe ga, ìyẹn kì í sì í dúró sójú kan. Strava máa ń fi máàpù òkè tirẹ̀ tún un ṣe lẹ́yìn tó o bá ti fi ránṣẹ́, ìyẹn dára díẹ̀.

ỌmọÒkèÀdó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lánàá, ọ̀rọ̀ ò dára. Mo dé Mọ́níyà, mo dé iwájú ibùdókọ̀ ojú irin, mo yí padà, mo délé. Mo ṣí áàpù, mo rí i pé mo kú sí Ọ̀jọ́ọ̀! Ibẹ̀ ni ìlà náà dúró sí. Lẹ́yìn náà, nígbà tí mo tan ojú fóònù nílé, ó wá fa ìlà gbọọrọ kan láti Ọ̀jọ́ọ̀ kọjá lórí òrùlé àwọn èèyàn wá sí Òkè-Àdó. Ìyàwó mi ní ṣé ẹyẹ lo gùn wálé ni.

ẸnuṢáájà

Ẹ kí ìyàwó o! Áàpù kọ́ ló ṣẹ̀, fóònù rẹ ló pa á. Àwọn Android tí à ń rà jù níbí, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń pa áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ojú fóònù bá ti kú, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ bátìrì. Wọ Settings, wá áàpù náà, tẹ Battery, kí o yí i sí "Unrestricted". Ó lè jẹ́ "No restrictions" lórí tìrẹ. Pa Battery Saver. Áàpù tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá fóònù, tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, sọ fún un kó fi eléyìí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà gbé fóònù sápò kó o rìn yí àdúgbò po fún ìdajì wákàtí. Má fi ọ̀nà Ọ̀yọ́ dán an wò.

TáyàFó

Ẹni tó ní bẹ́líìtì àyà tó ń ka ìlù ọkàn ńkọ́? Mo ní ọ̀kan, fóònù ò rí i.

Ayọ̀Ńgùn

Yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ANT+ nìkan ló kọ síbẹ̀, fóònù púpọ̀ ò gbọ́ èdè yẹn, iPhone ò gbọ́ ọ rí. Bluetooth ni fóònù gbọ́. Má sì lọ sínú Settings lọ so ó mọ́ fóònù, inú áàpù ni kó o ti wá a.

ÌyáÌbejì (Ìlọrin)

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ èyí tí ẹ̀yin ọkùnrin ń fò. Fóònù yẹn náà ni báńkì yín, òun náà ni wọ́n máa fi pe ilé tí ẹ bá ṣubú. Bí ẹ bá fi ka kìlómítà títí tó fi kú, ta ni yóò pe ta ni?

Mi ò kì í jẹ́ kí bátìrì wálẹ̀ ju 30 lọ kí n tó sọ fún un pé ó tó. Bó bá ti dé 30, mo pa áàpù, ìrìn tó kù á wà nínú orí mi. Kí n tó jáde mo máa ń fi "live location" WhatsApp ránṣẹ́ sí ọmọ mi, èyí tó jẹ́ wákàtí mẹ́jọ (ó ní ìṣẹ́jú 15 àti wákàtí kan pẹ̀lú, àwọn yẹn ò tó ìrìn). Ìyẹn ń jẹ dátà díẹ̀ o, kò dà bíi GPS. Mo tún kọ nọ́ńbà ènìyàn méjì sí páálí, mo fi sẹ́lótéèpù wé e, ó wà lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́, torí fóònù tó ní pásíwọ́ọ̀dù kì í sọ orúkọ ẹnikẹ́ni fún ẹni tó gbé ọ nílẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ sí "Emergency information" pẹ̀lú, ìyẹn máa ń ṣí láìsí pásíwọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, kò gba owó.

Kí ẹ sì fi PIN sí SIM. Olè tó já fóònù gbà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ò nílò pásíwọ́ọ̀dù yín. Ó máa yọ SIM síta ni, ó máa fi sínú fóònù míì, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà báńkì. Ṣùgbọ́n ẹ bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín nípa PIN àkọ́kọ́ kí ẹ tó dá a dúró lé e, torí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di ọ̀rọ̀ PUK, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí SIM tó ti tì. Ẹ tún tẹ *#06#, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde (IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín) sílẹ̀ sínú ìwé.

Ayọ̀Ńgùn

Ẹ ṣé o, màmá. Níbí náà, àwọn tó ń já fóònù gbà lórí kẹ̀kẹ́ oníná pọ̀ ní àárín ìlú London. Bí tèmi bá wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí iná pupa dá wa dúró, mo ti dá a fún wọn nìyẹn.

Òjò sì tún wà. Ẹ̀kán omi a máa tẹ ojú fóònù bí ìka ọwọ́. Ìgbà kan tí mo so tèmi mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, òjò ló dá ìrìn mi dúró tó sì pa á rẹ́, mi ò fọwọ́ kàn án. Ìdí kan ṣoṣo nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ra mítà GPS gidi. Garmin Edge 530, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀, òjò ò tẹ bọ́tìnnì, bátìrì rẹ̀ sì lè tó 20 wákàtí. Bí èèyàn bá fẹ́ lọ gun kẹ̀kẹ́ Paris–Brest–Paris nílẹ̀ Faransé, 1,200 kìlómítà láàárín wákàtí 90, kó lọ rà á. Ìwọ tí ò ń lọ sí Ọ̀yọ́, kí lo fẹ́ fi ṣe?

TáyàFó

Ṣé mo lè fi earpiece gbọ́ ọ? Áàpù mi máa ń ka kìlómítà sétí.

BàbáOlúmọ (Abẹ́òkúta)

Etí méjèèjì? Lójú ọ̀nà tí tírélà ń gbà? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n alákàn ò ní dánfó lẹ́yìn. Jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ nínú àpò rẹ láìsí earpiece, wàá gbọ́ ọ bó bá ti ká ohùn sókè. Bó ò bá gbọ́, kìlómítà kan péré lo pàdánù.

TáyàFó

Mo ti gbọ́, Bàbá.

ẸnuṢáájà

Ẹnì kan bi mí lábẹ́lẹ̀ bóyá kí òun lo fóònù àtijọ́ tó wà nílé, láìsí SIM. Ó dára gan-an, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tó o bá fi sọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ tó bá já bọ́, kò ní dùn ọ́ púpọ̀, fóònù gidi á sì wà lápò rẹ. Kàn so ó mọ́ hotspot fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó o tó jáde kó lè tètè rí sátẹ́láìtì. Ṣùgbọ́n gbé e sórí tábìlì títẹ́jú kó o tó lò ó. Bó bá ń yí bí àwo tí ìdí rẹ̀ wú, bátìrì ti wú nìyẹn. Má gbé e lọ síbì kankan, má gbé e sóòrùn, má sì fi abẹ́rẹ́ gún un. Gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.

ỌmọÒkèÀdó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo padà wá jábọ̀. Mo ra mítà oníwáyà, mo fi ṣọ́ọ̀kì wọn táyà bí Bàbá ṣe wí. Ọmọ mi obìnrin ló dì mí mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jù mí sílẹ̀. Tèmi jẹ́ 2092, ìwé ní 2105. Fóònù wà nínú náílọ́ọ̀nù nínú àpò ẹ̀yìn, "Unrestricted", ojú rẹ̀ pa.

Mi ò dé Ọ̀yọ́. Mo ti kọjá Akínyẹlé, mo ti wọ Fìdítì, ìṣó gún táyà ẹ̀yìn. Túùbù tí mo gbé dání, ẹnu rẹ̀ kì í ṣe irú ti pọ́ǹpù mi, ẹ má bú mi. Mo yọ fóònù jáde, ó ku 81. Mo pe àbúrò mi, mo fi ibi tí mo wà ránṣẹ́ sí i, mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò kan, mo ra ẹ̀pà. Nígbà tó fi dé, mo ti fi mítà àti fóònù wéra: 0.3 kìlómítà péré ni mítà fi ju fóònù lọ. Ìlà náà ò sì fò lórí òrùlé ẹnikẹ́ni.

ÌyáÌbejì (Ìlọrin)

Ọlọ́run ṣeun. Ẹnu pọ́ǹpù wo lo ní, ti mọ́tò tàbí tẹ́ẹ́rẹ́? Ìbejì mi ní méjì tí wọn ò lò.